Ẹ má da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan: lórí casserole ẹran lílọ̀ ti àwọn Amish

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un láyè lójú ìwé yín. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń yan casserole ẹran màlúù lílọ̀ ti àwọn Amish ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn oúnjẹ tí a tò sínú abọ́ kan tí a sì yan nínú oven, àlàyé náà kì í ju ìlà mẹ́ta lọ: ẹ se noodles, ẹ din ẹran, ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ sì tì í sínú oven. Ìlà kẹta yẹn ló ń ba oúnjẹ náà jẹ́. Nígbà tí wọ́n bá máa gbé e jáde, omi á ti pọ̀ ju ọkà lọ, òróró á ti léfòó, mílíìkì á ti ṣù ní kóró-kóró, noodles á sì ti rọ̀ jọ̀ọ̀. Wọ́n á wá ní oúnjẹ òyìnbó kò ládùn. Ó ládùn. Bí wọ́n ṣe sè é ni kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tó ni ín. Ìjọ Kristẹni ni àwọn Amish. Ní 1693, Jakob Ammann àti àwọn tó gba tirẹ̀ yapa kúrò lára àwọn Anabaptist ẹlẹgbẹ́ wọn (àwọn Kristẹni tí kì í ṣèrìbọmi fún ọmọ ọwọ́) ní Switzerland àti Alsace. Nígbà tó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí Pennsylvania. Lónìí, agbègbè Lancaster ní Pennsylvania, Holmes ní Ohio, Elkhart àti LaGrange ní Indiana wà lára ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù. Ọmọ máa ń pọ̀ nínú ilé wọn, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ kì í sì í jẹ́ kí ìyá ilé ráyè dúró ti ìkòkò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fa iná mànàmáná ìlú wọlé, gáàsì tàbí igi ni wọ́n fi ń dáná. Oúnjẹ tó lè yó ọ̀pọ̀ ẹnu, tí a lè tò sílẹ̀ ṣáájú, tó sì máa jinná fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ wà lẹ́nu nǹkan míì, òun ni wọ́n ń wá. Èyí tí mò ń sọ yìí, Yumasetti ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà jọ ti Johnny Marzetti, oúnjẹ ẹran lílọ̀ àti mákàrónì tí àwọn ará Columbus ní Ohio mọ̀ dáadáa.

Àwọn kan máa ń sọ pé òun ni wọ́n ń jẹ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Lancaster. Búrẹ́dì, ẹ̀pà lílọ̀ aládùn tí wọ́n fi ń pa á, wàràkàṣì àti kùkúńbà inú ọtí kíkan ni wọ́n sábà máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Oúnjẹ alẹ́ inú ilé ni casserole.

Abọ́ oven tó gùn ní 33 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 23, tó sì jìn ní 5, ni kí ẹ wá. Ó máa tó èèyàn mẹ́jọ. Ẹran màlúù lílọ̀ 700 gíráàmù, noodles ẹlẹ́yin pẹlẹbẹ 300 gíráàmù, àlùbọ́sà ńlá kan, tàtàṣé aláwọ̀ ewé kan, píìsì (green peas) tútù ife kan, wàràkàṣì cheddar 225 gíráàmù, ègé búrẹ́dì mẹ́ta tó ti gbẹ díẹ̀, àti bọ́tà ṣíbí ìjẹun méjì tí ẹ máa yọ́ mọ́ búrẹ́dì náà. Ọbẹ̀ rẹ̀ wá jẹ́ méjì, ti tòmátì àti ti mílíìkì. Ẹni tó bá fẹ́ lo ti inú agolo, agolo ọbẹ̀ tòmátì kíki kan, nǹkan bí 305 gíráàmù, àti agolo ọbẹ̀ olú kíki kan, nǹkan bí 298 gíráàmù, ti tó, pẹ̀lú mílíìkì 250 mìlílítà. Ẹ má bu omi lù ú bí ara agolo ṣe wí. Ẹni tó fẹ́ mu ún bí ọbẹ̀ ni wọ́n kọ ìyẹn fún.

Ẹran ló kàn. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló dáa. Èyí tí kò lọ́ràá rárá máa ń rí bí iyanrìn lẹ́nu. Ẹ lo páànù fífẹ̀, kó gbóná dáadáa kí ẹran tó kàn án, kí ẹ sì pín in sí méjì, kí ẹ din ín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé pa pọ̀, páànù á tutù, omi ara ẹran á tú jáde, á sì máa bọ̀ nínú omi náà dípò kó dín. Ẹ tẹ́tí sí i. Tí omi bá ṣì wà níbẹ̀, ohùn ìkòkò tó ń hó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ máa gbọ́. Tó bá ti gbẹ tán, ohùn náà á yí padà, ọ̀rá á máa ta pàràpàrà, ìdí ẹran á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó yí i, ẹ má máa rò ó ṣáá. Adùn oúnjẹ yìí wà nínú pípọ́n yẹn. Ẹran tó kàn kúrò ní pupa tó di aláwọ̀ eérú ti jinná lóòótọ́, àmọ́ kò tíì ní ohun tó máa fún ọbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí àlùbọ́sà àti tàtàṣé gígé wọlé, fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà, títí wọ́n á fi rọ̀. Ẹ wá da gbogbo rẹ̀ sínú asẹ́ kí ọ̀rá ro dànù, kí ẹ dá ṣíbí kan péré padà. Òróró pupa tí ẹ máa ń rí lójú casserole, ẹni tó fo ibí yìí ló fà á. (Ẹ má ṣe da ọ̀rá náà sínú ibi ìfọbọ́ o, á dì mọ́ inú páìpù.) Ní ti iyọ̀, ọbẹ̀ agolo ní iyọ̀ púpọ̀, wàràkàṣì náà sì ní tirẹ̀, nítorí náà ìdajì ṣíbí tíì ti tó fún ẹran. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ se ọbẹ̀ méjèèjì, ó lè di ṣíbí tíì kan àtààbọ̀.

Noodles. Bí ara páálí bá ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, márùn-ún ni kí ẹ fi sè é, nínú omi lítà mẹ́ta tó ń hó kutukutu. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi eyín gé e, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ ti gé e: ìlà funfun tín-ín-rín gbọ́dọ̀ ṣì wà láàárín rẹ̀. Ìlà yẹn ni àyè tí ọbẹ̀ máa wọ̀ sí. Noodles tó ti jinná tán kò ní àyè kankan mọ́. Wíwú ni á máa wú nínú oven, á máa já, fúláwà ara rẹ̀ á sì sọ ọbẹ̀ di àtè. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbọn asẹ́ náà dáadáa, kí ẹ sì yí bọ́tà ṣíbí tíì kan mọ́ ọn kó má bàa lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ po noodles, ẹyin kan sí fúláwà 100 gíráàmù pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ ni ìṣirò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n gé e, ìṣẹ́jú kan nínú omi híhó ti tó fún un.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ méjì yìí ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Nínú Yumasetti, ẹran ló ni tòmátì, noodles ló ni mílíìkì, wọn kì í sì í po wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó wọ abọ́. Tòmátì máa ń kan lẹ́nu, kíkan yẹn ló sì máa ń mú kí mílíìkì ṣù, pàápàá tí iná bá wà níbẹ̀. Fúláwà tó wà nínú ọbẹ̀ olú máa ń dáàbò bo mílíìkì, àmọ́ mílíìkì ṣíṣàn tí wọ́n dà lé tòmátì gbígbóná kò ní alábòó. Ìdí nìyẹn tí 250 mìlílítà yẹn fi gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọbẹ̀ olú, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ti tòmátì. Tí ẹ bá tò wọ́n nípele-nípele, inú oven ni wọ́n á ti pàdé díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ki tán. Ẹnu á sì máa mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, èyí tí kò ṣeé ṣe tí gbogbo rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ọsàn kan ṣoṣo.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ti agolo, tèmi ni pé kí ẹ sè é fúnra yín. Ẹ yọ́ bọ́tà 60 gíráàmù, kí ẹ din olú gígé 150 gíráàmù nínú rẹ̀ títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ wọ́n fúláwà 50 gíráàmù sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú méjì kí òórùn fúláwà tútù lè lọ, kí ẹ wá máa da mílíìkì 500 mìlílítà sí i díẹ̀díẹ̀. Àdàlẹ́ẹ̀kan ló máa ń fa kókó. Ẹ ti ṣíbí bọ̀ ọ́, ẹ fi ìka fa ìlà sẹ́yìn ṣíbí náà: bí ìlà náà kò bá padé, ó ti ki tó. Ní ti tòmátì, ẹ lọ 400 mìlílítà, kí ẹ sè é títí á fi ku 300, pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí tíì kan.

Ẹ fi bọ́tà pa abọ́ náà. Ẹ po píìsì mọ́ noodles àti ọbẹ̀ mílíìkì, àmọ́ bí fírísà ni píìsì ti jáde, kí yìnyín rẹ̀ yọ́, kí ẹ sì sẹ́ omi rẹ̀ kúrò. Ẹ po ẹran mọ́ ọbẹ̀ tòmátì. Ìdajì noodles ló máa kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, ìdajì ẹran á tẹ̀ lé e, ìdajì wàràkàṣì á bò ó, kí ẹ tún tò ó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fọwọ́ ara yín ha wàràkàṣì náà. Èyí tí wọ́n ti ha sínú àpò náílọ́ọ̀nù tẹ́lẹ̀, wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun sí i kó má bàa lẹ̀ pọ̀, kì í sì í yọ́ dọ́ọ̀dọ́ọ̀ bíi ti tútù. Kó tó wọ oven, ó yẹ kí ọbẹ̀ dà bíi pé ó pọ̀ díẹ̀, torí noodles máa mu nínú rẹ̀. Kó pọ̀ àmọ́ kó ki. Èyí tó pọ̀ tó sì ń ṣàn ni omi tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí pẹ̀lú.

Oven ti gbọ́dọ̀ gbóná dé 175 Celsius, ìyẹn 350 Fahrenheit, kí abọ́ tó wọlé. Ẹ fi fọ́ìlì bò ó fún ìṣẹ́jú 25. Ẹ wá ṣí i, kí ẹ wọ́n búrẹ́dì rírún tí ẹ ti yí mọ́ bọ́tà yíyọ́ sójú rẹ̀, kí ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 15. Búrẹ́dì tó bá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ á rẹ lábẹ́ fọ́ìlì, tí kò bá sì sí fọ́ìlì, á jó kí àárín tó gbóná. Oven onígi kì í gbóná dọ́gba, ẹ yí abọ́ náà padà tó bá dé ìdajì. Ẹ má wo etí abọ́ nìkan, etí ló máa ń kọ́kọ́ hó. Àárín ni kí ẹ máa ṣọ́, títí ọbẹ̀ ibẹ̀ náà á fi máa yọ ìfóófòó. Tí tẹmómítà bá wà, kó ka 74 Celsius láàárín. Lílọ̀ máa ń kó kòkòrò àìfojúrí tó wà lójú ẹran wọ inú rẹ̀, nítorí náà ẹran lílọ̀ kò ṣeé jẹ ní ìdajì jíjinná.

Tó bá jáde, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá bù ú lójú ẹsẹ̀, ọbẹ̀ á ṣàn sísàlẹ̀, ẹ ó sì rò pé ẹ ti ṣe é ṣòdì. Bó ṣe ń tutù díẹ̀ ni á máa ki, tí ṣíbí á fi lè gé e jáde ní odindi pẹ̀lú ìpele rẹ̀.

Ẹ lè tò ó sínú fíríìjì láti alẹ́, láìfi búrẹ́dì sójú rẹ̀, àmọ́ kí ẹ fi mílíìkì 60 mìlílítà kún ti tẹ́lẹ̀, torí noodles kì í sùn, mímu ni á máa mu mọ́jú. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sí 20 kún àkókò abẹ́ fọ́ìlì. Bí abọ́ gíláàsì bá ni, kó kúrò nínú fíríìjì ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Gíláàsì tútù tó bá wọ oven gbígbóná lè là sí méjì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé, kó sì tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Àwọn kan máa ń fi pòtétò dípò noodles. Kò burú, àmọ́ ọbẹ̀ mílíìkì ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kó má kan tòmátì, nítorí kíkan tòmátì kì í jẹ́ kí pòtétò tètè rọ̀. Kí ègé rẹ̀ má nípọn ju mìlímítà mẹ́ta lọ, kó sì lo 60 sí 75 ìṣẹ́jú lábẹ́ fọ́ìlì. Ọ̀bẹ ló máa sọ fún yín bó bá ti jinná: kó wọlé láàárín abọ́ láìsí pé ẹ tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín.