Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tó Ṣì Wà Nínú Ìṣòro Náà Jẹ́rìí

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn Kristẹni ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó létí, pàápàá àwọn tí Ọlọ́run fi ṣe olórí ìjọ.

Ó ti mọ́ wa lára ní ọ̀pọ̀ ìjọ ní Àkúrẹ́ pé ẹni tí ìṣòro rẹ̀ ti yanjú nìkan ni à ń pè síwájú láti wá jẹ́rìí. Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì lójútùú a máa jókòó sẹ́yìn, àwọn kan a sì máa wò ó bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó, tàbí tó ní ẹ̀ṣẹ̀ tí kò jẹ́wọ́. Èyí kò bá Ìwé Mímọ́ mu rárá. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa ní ọjọ́ 7 tí wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ láìfọhùn. Ìgbà tí wọ́n lanu, tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, ni ọ̀rọ̀ wọn bí Ọlọ́run nínú.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ní ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya bo ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ó kéré tán ènìyàn 40. Inú ilé Ọlọ́run ni wọ́n ti pa wọ́n. Ta ni yóò wá sọ fún àwọn ẹbí wọn pé àdúrà ni kò tó? N kò gbà pé Ọlọ́run ló rán àwọn ìkà wọ̀nyẹn. Ìyà fúnra rẹ̀ kì í sọni di ẹni rere. Ó ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di oníkanra. Ọlọ́run tí kì í fi ẹni tí ń jìyà sílẹ̀ ni ó ń tún ọkàn rẹ̀ mọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó hàn.

Mo mọ ìyá kan nínú ìjọ wa tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, tí ọmọ rẹ̀ ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n ti ní kí ó yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n ti ní kí ó wá ẹni tó ń ṣe é nínú ẹbí. Ohun kan náà ló ń fi dá wọn lóhùn: "Ẹ ṣeun, ẹ máa bá mi gbàdúrà." Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá ọmọ náà dúró sí ọsíbítù, kì í ṣe ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ń tọ́jú. Láti inú fúláàsì rẹ̀ ló ti ń bu omi gbígbóná fún àwọn ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọn kò mọ ohun tó kàn; á kọ́ wọn bí a ṣe ń fi aṣọ tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé oríkèé ọmọ, bí a ṣe ń rọ ọmọ kí ó máa mu omi díẹ̀díẹ̀, á sì jókòó tì wọ́n títí ẹkún wọn yóò fi rọlẹ̀. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé Ọlọ́run ń tù wá nínú kí àwa náà lè tu ẹlòmíràn nínú. Ẹ̀rí nìyẹn, lójú tèmi ó sì ju ẹ̀rí ọkọ̀ tuntun lọ. A kò pe obìnrin yìí síwájú rí.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe sí ìtàn àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́. A mọ bí Ọlọ́run ṣe pe Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi (CAC), ní 1928, nígbà tó ń wa ọkọ̀ tí ń tẹ títì Àkúrẹ́ sí Iléṣà, a sì ń ròyìn ìsọjí 1930. Mélòó nínú wa ló gbọ́ lórí pẹpẹ pé ó ṣe ẹ̀wọ̀n ní Benin ní 1932?

N kò ní kí a dẹ́kun àdúrà ìwòsàn, tàbí kí aláìsàn má lọ sí ọsíbítù. Pọ́ọ̀lù pàápàá bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́ ni Olúwa fún un, ẹ̀gún náà kò kúrò. Ohun tí mo ń bẹ àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa fún ni pé, ní àkókò ẹ̀rí, kí wọ́n máa pe ẹni tó ṣì wà nínú ìṣòro náà síwájú, kí ó sọ bí Ọlọ́run ṣe ń gbé e ró, kí ìjọ sì gbàdúrà fún un láìbi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.