Ẹ̀rọ Ìtẹ̀ka Lẹ́nu Géètì Wa: Ẹ Má Ti Ẹni Tí Ìlà Ìka Rẹ̀ Ti Parẹ́ Mọ́ta

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọlọ́dẹ ni mí. Ọdún kẹrìnlá rè é tí mo ti ń ṣọ́ géètì iléeṣẹ́ kan lọ́nà Ìyìn, ní Adó-Èkìtì níbí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n kan ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka wò mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí mo ń gbọ́ pé àwọn iléeṣẹ́ mìíràn nílùú yìí náà ti ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Kí n tètè sọ ọ́ pé mi ò lòdì sí ẹ̀rọ náà. Káàdì nìkan la ń lò tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá fiṣẹ́ sílẹ̀, kò dá káàdì tiẹ̀ padà, kò sì sẹ́ni tó rántí pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ó tó ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ká tó mọ̀ pé ẹnì kan ń fi káàdì yẹn wọlé lálẹ́. Bátìrì ńlá méjì àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ló bá a lọ. Ẹnì kejì mi tó ń ṣọ́ alẹ́ rí ẹni náà lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé òṣìṣẹ́ ni, torí ilẹ̀kùn ṣí fún un. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi da ìbéèrè bo àwa méjèèjì bí ẹni pé àwa la jalè. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú ọ̀gá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí kò ní bá mi jiyàn pé káàdì nìkan ò tó.

Nígbà tí wọ́n mú ẹ̀rọ tuntun dé, mo bi ẹnjiníà tó kàn án bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní ẹ̀rọ kì í tọ́jú àwòrán ìka. Ojú ibi tí ìlà ìka ti parí àti ibi tó ti là sí méjì ló ń wò, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn ni á fi pa mọ́. Ó ní ká máa lo káàdì àti ìka pọ̀, ká má fi ìka rọ́pò káàdì. Bí èèyàn bá fi káàdì hàn kó tó tẹ̀ka, ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ fẹ́ mọ̀: ṣé oníkáàdì yìí nìyí? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìka nìkan, á ní láti wá onítọ̀hún láàárín gbogbo wa, bí òṣìṣẹ́ bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe ń rọrùn sí i. Ọ̀rọ̀ náà yé mi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Màmá tó ń tọ́jú ilé níléeṣẹ́ wa ni kò tẹ́ lọ́rùn. Ìkẹ́rẹ́ ló ti ń wá. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló máa ń dé, kò sí ẹni tó ń dé ṣáájú rẹ̀ bí kò ṣe èmi. Ọṣẹ àti omi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Tó bá di Sátidé, ẹ̀gẹ́ ló ń bó, tó ń rin, tó ń yan. Ìlà ìka rẹ̀ ti parẹ́. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ wò nínú oòrùn, ó ń dán bí awọ ìlù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ máa ń gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Nígbà tó yá, kò gbà á mọ́ rárá. Ó yíjú sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ mí mọ́."

Àṣẹ sì ti wà pé n kò gbọdọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án, mo mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ ìta ló jókòó sí títí ẹni tó láṣẹ fi dé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Lóṣù kejì, wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́ owó oṣù: aago tó bá tẹ ìka ni aago tó dé. Wọ́n gé owó obìnrin tó ń dé ṣáájú gbogbo èèyàn pé ó ń pẹ́ dé. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

INEC gan-an mọ̀ pé ìka lè kọ̀. Níbi ìbò gómìnà Èkìtì ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ẹ̀rọ BVAS tó ń yẹ olùdìbò wò ni wọ́n lò. Bí ìka èèyàn ò bá gbà, wọ́n á gbé ẹ̀rọ náà sí i lójú, á yẹ ojú rẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó yẹ kó pàdánù ìbò torí pé ọwọ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ oko. Kí ló dé tí iléeṣẹ́ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ìka rẹ̀ bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó fi káàdì hàn, kó tẹ nọ́ńbà àṣírí tiẹ̀, kí ọlọ́dẹ wo ojú rẹ̀ mọ́ fọ́tò, kó sì kọ aago sínú ìwé. Kò ná wa ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ìka wa wà náà ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ọmọ mi tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní EKSU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, sọ fún mi pé lọ́dún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé wọ́n jí ìtẹ̀ka èèyàn bíi mílíọ̀nù 5.6 kó nínú àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ìka kan náà yìí ni mo tẹ̀ ní báńkì fún BVN, òun ni mo tẹ̀ fún NIN, òun ni mo tẹ̀ nígbà tí mo forúkọ síìmù sílẹ̀. N kò ní òmíràn tí n óò fi pààrọ̀ rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò détà tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun ẹlẹgẹ́, ó sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Mo béèrè, wọ́n ní kí n lọ jókòó sí géètì. Ṣé ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń pa ìka tiẹ̀ rẹ́, àbí bí wọ́n ṣe gbàgbé káàdì ọjọ́sí ni wọ́n ṣe máa gbàgbé rẹ̀?

Wọ́n tún ti dín àwa ọlọ́dẹ kù láti mẹ́rin sí méjì, pé ẹ̀rọ ti dé. Mágínẹ́ẹ̀tì ló di ilẹ̀kùn yẹn mú. Bí iná bá lọ tí bátìrì sì tán, ńṣe ló máa ń ṣí sílẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí iná má baà jó èèyàn mọ́lé. Iná sì ń lọ ní Adó. Ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, ọlọ́dẹ nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà.

Mo bẹ àwọn ọ̀gá wa kí wọ́n dá owó màmá náà padà, kí wọ́n sì ya ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kúrò lára ọ̀rọ̀ owó oṣù. Bí òǹkàwé yín kan bá wà tí iléeṣẹ́ tiẹ̀ ti ṣètò irú ẹ̀rọ yìí tí kò sì ni ẹnikẹ́ni lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó kọ bí wọ́n ṣe ṣe é sínú ìwé ìròyìn yín. Àwọn ọ̀gá wa ń rà á láràárọ̀. Èmi ni mo ń gbà á lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọlọ́dẹ kan, ọ̀nà Ìyìn, Adó-Èkìtì