Star Wars: ìtàn kan náà ti tó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń wo Star Wars, àwọn fíìmù Amẹ́ríkà nípa ogun láàárín ìràwọ̀, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí. Nínú ti ọdún 1977 tí George Lucas ṣe, ọ̀dọ́ kan wà nínú aṣálẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan gbé àṣírí sínú, ohun ìjà ràgàjì kan sì ń fọ́ odindi ayé túútúú. Ní 2015, gbogbo rẹ̀ náà ni wọ́n tún gbé wá. Wọ́n kàn mú ohun ìjà náà tóbi sí i ni.

Finn nìkan ló jẹ́ tuntun lójú mi, ọmọ ogun àwọn ìkà tí John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣe. Ẹlẹgbẹ́ Finn tó ń kú lọ fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ kan akoto funfun tí Finn dé, ipa ìka hàn gbọọrọ lójú akoto náà. Nígbà tí wọ́n ní kó yìnbọn pa ará abúlé, kò yìn ín. Ọmọ ogun ìkà tó ní ẹ̀rí ọkàn! Ìtàn tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé nìyẹn. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi parí apá ìtàn yìí ní 2019, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tì í sí, ọba burúkú àtijọ́ ni wọ́n jí dìde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kọ ojú ìwé eré yín dá sí i.

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta.