Ẹ má dáná sun ìdọ̀tí láàárọ̀ ọyẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ọyẹ́ bá ti dé Ìlọrin báyìí, eruku nìkan ni gbogbo èèyàn ń di ẹ̀bi ikọ́ rù. Lóòótọ́ ni eruku ń dé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá, ìsàlẹ̀ adágún omi àtijọ́ tó ti gbẹ, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń já gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi. Ta ni yóò dá atẹ́gùn yẹn dúró? Àmọ́ èéfín tí à ń fọwọ́ ara wa dá nígbà tí a bá ń sun ìdọ̀tí láàárọ̀, agbára wa ká a.

Lóru ọyẹ́, kì í sábà sí ìkùukùu lójú ọ̀run, nítorí náà ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án á yára bá òkè lọ. Bí ilẹ̀ ṣe ń tutù ni afẹ́fẹ́ tó fara kàn án ń tutù, títí tí tìsàlẹ̀ á fi tutù ju tòkè lọ. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, kì í dìde. Èéfín tí ẹ bá dá ní aago 6 àárọ̀ á gòkè díẹ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ lókè òrùlé, bí ìgbà tí a fi ọmọrí dé ìkòkò. Ó di ìgbà tí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná dáadáa kó tó fọ́n ká. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn ọmọ wa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé ní Tanke àti Gáà Akanbí!

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé èérún tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkírọ́ọ̀nù 2.5 lọ (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 15 lọ (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan, láàárín wákàtí 24. Irun imú kò lè dá irú èérún bẹ́ẹ̀ dúró. Inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ló ń lọ. Èyí tó ti ara táyà, ọ̀rá àti páìpù oníke jáde tún burú sí i, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ó sún iná dídá náà sí ọ̀sán. Atẹ́gùn ọ̀sán le, koríko ti gbẹ, iná á sá wọ oko olóko.

Ẹ gbẹ́ kòtò fún ewé. Ẹ tẹ́ ewé, ẹ da ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lé e, ẹ wọ́n omi sí i kó rin, kó má ṣe kún fún omi, torí bó bá kún, á rùn. Ẹ máa yí i padà lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Láàárín oṣù mélòó kan ó ti di ajílẹ̀. Ti ọ̀rá àti ike kò sí lọ́wọ́ wa: kí ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ akólẹ̀ máa dé àdúgbò déédéé láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta, nítorí ìgbà tí ààtàn bá kún àkúnya ni wọ́n máa ń ṣáná sí i.

Olùkọ́ jọ́gíráfì kan,
Ìlọrin