“Ina Sauran?”: Ta Ló Jẹ Èyí Tó Kù Nínú Owó Lébìrà?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. POS ni mo ń ṣe ní Kwali, lábẹ́ Abuja níbí, ó ti pé ọdún mẹ́fà. Ṣọ́ọ̀bù mi ni àwọn lébìrà abúlé ti máa ń gba owó tí àwọn ètò ìrànwọ́ bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Ohun tí ojú mi ń rí níbẹ̀ ló ní kí n kọ̀wé sí yín.

Ìyá Gbagyi kan wá lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò yìí mọ̀ pé èjìká làwọn ìyá wọ̀nyí fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lórí. Ó sọ ìdì igi tó fẹ́ tà kalẹ̀, ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú fóònù onítọ́ọ̀ṣì kan jáde àti bébà kékeré tí ẹnìkan bá a kọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sí. Ó na méjèèjì sí mi lójú gbogbo èrò. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi bá ètò ìrànwọ́ kan kó ẹrẹ̀ nínú gọ́tà, 2,000 náírà lójúmọ́. Ogún ẹgbẹ̀rún wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo yọ irinwó náírà tèmi, mo ka ìyókù fún un. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá gbójú sókè: “Ina sauran?” Èyí tó kù dà? Mo ṣàlàyé dé ibi tí Hausa mi mọ. Ó ní 20,000 ni wọ́n sọ fún òun. Ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ sì ti gba 2,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan ti lọ, ó tún jẹ lára ọjọ́ kejì.

N kò ní kí á padà sí ìgbà tí wọ́n ń fi àpòòwé san owó fún lébìrà o. Ẹni tó bá rántí àpòòwé kò ní gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Alábòójútó á kó owó dé nínú láílọ́ọ̀nù, á ti yọ tirẹ̀ lọ́nà, lébìrà á sì tẹ̀ka síwájú iye tí kò gbà. Nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, láti 2012 ni wọ́n ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀ kó lè ra ajílẹ̀ ní ìdajì owó, kí àwọn alárinà má baà gbé e jẹ. Ọ̀nà tó dára ni.

Àmọ́ owó orí fóònù kò ra iyọ̀ ní abúlé. Nígbà tí M-Pesa, ètò ìfowóránṣẹ́ lórí fóònù, bẹ̀rẹ̀ ní Kenya ní 2007, àwọn aṣojú tó ń gbowó, tó ń sanwó nítòsí àwọn èèyàn ló gbé e ró. Níbí, etí títì àti inú ọjà làwa oníPOS pọ̀ sí, àwa náà sì gbọ́dọ̀ rí owó kó tó di pé a san án. Ta ló ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí náírà wọ́n bí ojú, tí ẹni tó lówó ní bánkì ń febi sùn? Oṣù Kẹsàn-án 2021 ńkọ́, tí ìjọba ti nẹ́tíwọ̀kì pa ní Zamfara nítorí àwọn agbébọn? Lébìrà tí owó rẹ̀ wà lórí fóònù nígbà yẹn, kí ló fẹ́ tẹ̀?

Ti nọ́ńbà ló tún dùn mí jù. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tí orúkọ obìnrin mẹ́fà wà lórí rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ló wà níwájú gbogbo wọn: ti fọ́máànù. Wọ́n ní àwọn obìnrin náà kò ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, wọn ò lè gba síìmù. Àpòòwé tí a ní a ti kúrò nídìí rẹ̀ ti wọnú fóònù nìyẹn.

Mo bẹ àwọn tó ń ṣètò yìí, kí wọ́n ka owó ìgbowó àti owó ọ̀kadà mọ́ owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tàbí kí wọ́n háyà oníPOS kan kó gbé owó lọ bá àwọn lébìrà lábúlé lọ́jọ́ ìsanwó. A ó lọ. Kí àwọn tó ń ṣe NIN dé ibẹ̀ kí àwọn lébìrà tó gbé ṣọ́bìrì, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní síìmù tirẹ̀. Kí ẹnìkan sì jókòó tì wọ́n, kó fi Hausa tàbí Gbagyi kọ́ wọn bí a ṣe ń tẹ nọ́ńbà àṣírí, kí wọ́n má máa nà án sí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí.

Mo dá irinwó náà padà fún ìyá yẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn mọ́kàndínlógún dé láti abúlé kan náà. N kò lè dá tiwọn padà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìyá oníPOS, Kwali, Abuja