Sólà láìsí bátìrì kò lè gba ilé lọ́wọ́ òkùnkùn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde. Ọ̀rọ̀ kan ni ó mú mi kọ̀wé láti òkè òkun. Láti ìgbà tí àwọn èèyàn wa nílé ti ń gbọ́ pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ pa iná mànàmáná ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà kí wáyà má baà dá iná igbó sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le, àwọn kan ti ń sọ pé ẹ̀tàn ni sólà, torí pé àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi òbítíbitì owó to páànẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé náà ń jókòó sínú òkùnkùn bí aládùúgbò wọn tí kò ní nǹkan kan. Òótọ́ ni pé wọ́n jókòó sínú òkùnkùn. Ojú mi ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n ń sọ pé ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà, ó sì lè mú kí ẹni tí ó fẹ́ ra nǹkan gidi sá fún un, tàbí kí ó ra ààbọ̀ rẹ̀, kí ó sì rò pé odidi ni òun rà.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alábẹ̀wò ni mò ń ṣe, láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn, ní agbègbè olókè tí ó wà ní ìlà-oòrùn ìlú Sacramento, ní àyíká Placerville. Igbó igi páìnì ni ibẹ̀, ilé jìnnà síra wọn, wáyà iná sì ń gba àárín igi kọjá fún ọ̀pọ̀ máìlì. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, tí koríko àti ewé ti gbẹ fún oṣù bíi mélòó kan, tí afẹ́fẹ́ líle tí ń ti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn wá bá bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa iná rẹ̀.

Pípa iná yìí kò jọ èyí tí a mọ̀ nílé, nítorí náà ó yẹ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ìkọ́ irin kan tí ó gbé wáyà alágbára ró lórí òpó nítòsí ìlú Paradise, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún lórí òpó náà, jẹ títí ó fi já. Wáyà bọ́, iná ṣẹ́, iná náà sì jó ìlú Paradise run. Èèyàn 85 ni ó kú. PG&E, ilé-iṣẹ́ tí ó ni wáyà náà, wọ ilé ẹjọ́ lọ ní oṣù Kìíní ọdún 2019 láti sọ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2020, ó gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ 84. Lẹ́yìn iná Paradise ni pípa iná nítorí afẹ́fẹ́ wá di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2019, wọ́n pa iná àwọn oníbàárà tí ó lé ní 700,000, kí oṣù náà sì tó parí, wọ́n tún pa ti àwọn tí ó lé ní 900,000. Ibòmíràn wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, torí pé bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ tán, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ wáyà láti òpó dé òpó, tàbí kí wọ́n fi hẹlikópítà wò ó, kí wọ́n tó dá iná padà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bínú pé wọ́n pa iná, kí ó rántí ohun tí èyí tí wọn kò pa ṣe. Èmi kì í bá wọn jà lórí pípa á. Àwọn tí wọ́n ń pa á mọ́ lórí láìsí ìpèsè kankan fún wọn ni ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí.

Mo wọ ilé ìyá àgbàlagbà kan nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Oòrùn mú ganrínganrín, páànẹ́ẹ̀lì tò lọ rẹrẹ lórí òrùlé, síbẹ̀ ẹ̀rọ tí ó ń fún ìyá náà ní ọ́síjìn ń ké pí-pí-pí lẹ́bàá ibùsùn nítorí pé iná ti lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gbé sílíńdà jáde, ó ń yí ẹnu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Bí a ti so rọ́bà ìyá mọ́ sílíńdà tán, mo jáde lọ wo inverter, ẹ̀rọ tí ó ń sọ iná páànẹ́ẹ̀lì di irú iná tí ilé ń lò, tí ó wà lára ògiri ìta: gílóòbù pupa kékeré kan ṣoṣo ni ó ń tàn lára rẹ̀. Kò bàjẹ́ o. Kò rí iná òde mọ́ ni, òun náà sì ti sùn. Ẹni tí ó ta ẹrù náà fún wọn kò sọ fún wọn rí pé bí yóò ti máa ṣe nìyẹn.

Páànẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so mọ́ iná òde láìsí bátìrì dà bí oníjó tí kò ní onílù tirẹ̀. Ìlù tí wáyà òde ń lù ni inverter fi ń mọ ìgbà tí yóò gbé ẹsẹ̀; bí ìlù bá dákẹ́, òfin ìsopọ̀ iná ní Amẹ́ríkà ní kí ó dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìdí rẹ̀ ni ẹni tí ó wà lórí òpó. Bí ilé kan bá ń rọ iná padà sínú wáyà tí òṣìṣẹ́ gbà pé ó ti kú, ẹ̀mí òṣìṣẹ́ náà ni yóò bá a lọ. Mo mọ̀ pé àwọn inverter kan tí ilé-iṣẹ́ SMA ti Jámánì ṣe ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ó lè mú iná díẹ̀ wá lọ́sàn-án láìsí bátìrì, èyí tí ó tó fún fíríìjì àti fóònù nígbà tí oòrùn bá mú dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá kọjá, sọ́kẹ́ẹ̀tì náà lè dákẹ́, èmi kò sì ní fi ẹ̀mí aláìsàn kankan sí ìdí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú àwọn ará ilé lójú ni pé ọ̀nà tí a gbà dé ìdí sólà yàtọ̀ síra. Nílé, inverter àti bátìrì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ rà kí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n lè ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ; páànẹ́ẹ̀lì dé lẹ́yìn. Ní Kalifóníà, iná kì í sábà lọ, owó iná ni ó ga, nítorí náà páànẹ́ẹ̀lì ni wọ́n rà láti fi dín owó kù: èyí tí wọn kò bá lò lọ́sàn-án, ilé-iṣẹ́ iná á gbà á ní iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí òun náà ń tà á. Ta ni yóò wá ra bátìrì? Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n ti gé iye náà fún àwọn tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń darapọ̀, ó sì dín kù tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ó ń ra bátìrì mọ́ páànẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ sí i gidigidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni púpọ̀ nínú wọn ń wò, tí kì í ṣe òkùnkùn.

Bátìrì náà kì í dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ṣíwíìsì kan, irú èyí tí a ń pè ní changeover nílé, gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa fúnra rẹ̀ já ilé kúrò lára wáyà òde ní kété tí iná bá lọ. Bí ilé bá ti já kúrò báyìí, kò sí iná tí ó lè jáde lọ ṣe òṣìṣẹ́ léṣe, páànẹ́ẹ̀lì á jí padà, á máa bọ́ ilé, èyí tí ó bá ṣẹ́kù á sì wọnú bátìrì di alẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó ń fa pípa iná yìí gbẹ, kì í sábà gbé ìkùukùu wá, nítorí náà ọjọ́ tí iná kò sí gan-an ni oòrùn máa ń pọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bátìrì kan tí ó wọ́pọ̀ níbí, Powerwall ti Tesla, ń gba yúníìtì 13.5, bí mítà yín nílé ṣe ń ka yúníìtì. Fíríìjì ìgbàlódé ń jẹ bíi 1 sí 2 láàárín ọ̀sán àti òru kan. Ẹ̀rọ ọ́síjìn ìyá yẹn, tí ó ń fa nǹkan bíi wáàtì 350, á jẹ 8.4 bí kò bá sinmi tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rọ tí àwọn kan ń fi sí imú kí èémí wọn má baà máa dá dúró lójú oorun kì í sábà jẹ ju ìdajì yúníìtì lọ lóru kan, bí wọn kò bá tan apá tí ó ń mú omi gbóná lára rẹ̀. Fi gílóòbù iyàrá àti Wi-Fi kún un, bátìrì kan ṣoṣo á gbé ilé aláìsàn náà fún odidi ọjọ́ kan. Bí páànẹ́ẹ̀lì kílówáàtì 5 bá sì ń mú yúníìtì bíi 15 wá lójoojúmọ́ nínú oṣù Kẹwàá, òkùnkùn náà lè pẹ́ bí ó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù tí ó ń tu gbogbo ilé lára á fa kílówáàtì 3 àti ààbọ̀. Òun nìkan á gbẹ bátìrì kan náà ní wákàtí mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ àwọn olùtajà tí wọ́n ń sọ fún arúgbó pé kí ó ra bátìrì mẹ́ta kí gbogbo ilé lè máa tàn bí ọjọ́ lásán.

Ilé kan wà tí wọ́n ti ṣe é bí mo ṣe fẹ́ kí ó rí. Nínú gáráàjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, àpótí irin kékeré kan wà tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ bíréékà kọ̀ọ̀kan: fíríìjì, iyàrá bàbá, ilé ìdáná, pọ́ǹpù. Àwọn tí ó wà nínú àpótí yẹn nìkan ni bátìrì ń bọ́. Pọ́ǹpù kànga ni ó kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú, ẹni tí ó bá sì ń gbé nínú igbó wọ̀nyí mọ̀ pé bí iná bá lọ, omi náà ti lọ nìyẹn. Nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ lọ, ohun tí ó ń fà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó bá ń gbéra, ó ń fa ìlọ́po rẹ̀ bíi mélòó kan, bátìrì á kọ̀, ilé á ṣú. Nǹkan kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ọn, tí ó ń mú kí ó gbéra díẹ̀díẹ̀, ni ó yanjú ìṣòro náà.

Ohun tí pípa iná tí wọ́n kéde fi sàn ju èyí tí ó ṣàdédé lọ ni pé ó fúnni láyè. Ìkéde máa ń jáde ní bíi ọjọ́ méjì ṣáájú. Lọ́jọ́ lásán, ọ̀pọ̀ onílé ń jẹ́ kí bátìrì bọ́ ilé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ìgbà tí iná òde wọ́n jù. Bí wọ́n bá pa iná nírú wákàtí bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ bátìrì ni wọn á bá. Nítorí náà, bí ìkéde bá ti jáde, kí wọ́n dá ìyẹn dúró, kí wọ́n fi iná òde ṣáájì bátìrì kún, kí wọ́n fọ aṣọ kí wọ́n sì gbẹ ẹ́ kí iná tó lọ. Àwọn bátìrì mìíràn ń gba ìkìlọ̀ fúnra wọn, wọ́n á sì kún kí onílé tó rántí. Ó tún ṣe pàtàkì kí wọ́n má lò ó tán pátápátá lóru, torí pé inverter nílò iná díẹ̀ láti fi jí láàárọ̀. Bí bátìrì bá kú fin-ín, oòrùn lè ràn títí kí ó má sí ohun tí yóò jí páànẹ́ẹ̀lì.

Èéfín iná igbó ni ó ń ba gbogbo ètò yìí jẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, èéfín iná igbó sọ ojú ọ̀run San Francisco di pupa bí epo, àárọ̀ dà bí ìrọ̀lẹ́, páànẹ́ẹ̀lì kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan mú. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí aláìsàn tètè kúrò ní agbègbè náà ni mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Owó ni ó kù. Ìjọba ìpínlẹ̀ ya owó kan sọ́tọ̀ lábẹ́ ètò SGIP, ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lórí yúníìtì bátìrì kọ̀ọ̀kan, fún àwọn tí ilé wọn wà níbi tí iná igbó ti lè jà, tí wọn kò sì lówó lọ́wọ́, tàbí tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ ìlera, tàbí tí pọ́ǹpù ń fa omi fún wọn. Ètò tí ó dára jù nìyẹn nínú gbogbo ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tọrọ rẹ̀ yára pọ̀ ju owó lọ. Ní ti ìjọba àpapọ̀, ètò tí wọ́n fi ń yọ ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹni bá fi ra sólà tàbí bátìrì sí ilé rẹ̀ kúrò nínú owó orí rẹ̀ ti dópin ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2025. Àwọn tí agbára wọn kò ká a ti padà sídìí jẹnẹrétọ̀, èéfín jẹnẹrétọ̀ kò sì nílò àlàyé fún òǹkàwé yín.

Ọ̀pọ̀ òbí tí ó ń ka ìwé ìròyìn yìí ní ọmọ ní Kalifóníà, àwọn mìíràn sì ń múra àtiwá wẹ ọmọ tuntun. Ẹni tí insulin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, tàbí tí ó ń fi ẹ̀rọ mí lóru, kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ iná nípa Medical Baseline, ètò tí ó wà fún àwọn tí ìlera wọn gbára lé iná, ní kété tí ó bá dé, nítorí pé wọ́n ń sapá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti rí i pé ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀; PG&E sì ní ètò bátìrì alágbèéká fún àwọn kan lára wọn, èyí tí ó wúlò fún ẹni tí ó ń yá ilé gbé. Bí ọmọ yín bá sì sọ pé òun ní sólà, ẹ bi í bóyá bátìrì wà níbẹ̀, kí ẹ sì bi í bóyá iyàrá tí ẹ̀yin yóò sùn sí wà lára àwọn tí bátìrì náà ń bọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì alábẹ̀wò kan,
Agbègbè Placerville, Kalifóníà.