Aláǹtakùn kékeré kì í ṣe ọmọdé

Sí Olóòtú,

Ẹni tó bá rí aláǹtakùn tí kò tó orí abẹ́rẹ́ a máa pè é ní ọmọ tuntun. Ó dùn wá, torí àgbà ni òmíràn. Akọ Patu digua, irú aláǹtakùn kan láti ìdílé Symphytognathidae nínú igbó òjò ilẹ̀ Kòlóńbíà, tí wọ́n fún lórúkọ ní 1977, dàgbà tán ní nǹkan bíi mìlímítà 0.37.

Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ọtí ilé ìwádìí (ethanol) ìdá 70 nínú 100. Bó bá gbẹ, ara rẹ̀ á hunjọ. Ẹ wò ó lábẹ́ máíkírósíkóópù. Ojú rẹ̀ mẹ́fà ni, ní méjì-méjì. Eyín méjèèjì tó fi ń bunijẹ lẹ̀ pọ̀ nídìí.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni apá kéékèèké méjì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu aláǹtakùn. Abo ìdílé yìí kò ní in. Kò kán o, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ti akọ wú, ibẹ̀ ló ń kó àtọ̀ sí, ìrísí rẹ̀ ló sì ń ya irú kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Akọ tí apá yìí kò tíì gbó, ẹ má fún un lórúkọ irú kankan. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀: ọtí máa ń bó o.

Àwa olùwádìí aláǹtakùn